Bí Mo Ṣe Fi Eyín Mi Wá Bíìtì

Ọjọ́rú kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí tí wọn yóò fi gbé mi sin. Bí ọkàn mi tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé, ahọ́n mi kò ní gbà, nítorí àlàfo kan wà nísàlẹ̀ ẹnu mi, lápá ọ̀tún, tí ahọ́n náà máa ń lọ bẹ̀ wò lójoojúmọ́. Àlàfo yìí kì í ṣe ti àìsàn, kì í ṣe ti ìjà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọjọ́ ogbó. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Rárá, irọ́ ni mo pa, ọwọ́ dókítà ló fà á, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ bá a.

Tísà ni mí nígbà náà ní Òmù-Àrán. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kwárà sílẹ̀, iná NẸ́PÀ sì ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó kàn jẹ́ pé ìgbà tó bá wù ú ló ń wá, ìgbà tó bá wù ú ló sì ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà, mo sì mọ rédíò í tún ṣe díẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ pọ̀ díẹ̀, ẹnu mi ló wá pọ̀ jù ú lọ.

Bàbá mi ni olùkọ́ ìjọ wa. Kí wọ́n tó bí mi ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí bàbá bá ń wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni tó bá ń yọ́ lọ sóko á gbọ́ ọ láti ojú títì, á sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó máa lọ. Ṣùgbọ́n ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sí àkókò tí mò ń wí yìí. Ó relẹ̀, ó relẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé àwọn tó jókòó lẹ́yìn ilé ìjọsìn kàn ń wo ètè rẹ̀ ni. Wọ́n á máa ṣe àmín nígbà tí àwọn tiwájú bá ṣe àmín. Àwọn àgbà ìjọ wá fẹnu kò pé kí ó fẹ̀yìn tì, pé lọ́jọ́ Ìkórè ni yóò wàásù ìkẹyìn.

Mo rí bàbá mi bí ó ṣe ń kọ ìwàásù yẹn. Á kọ ọ́, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Ó dùn mí wọ eegun pé gbogbo làálàá yẹn, àga méjì tó wà níwájú nìkan ni yóò gbọ́ ọ. Bí mo ṣe dìde nínú ìpàdé ìjọ nìyẹn nígbà tí wọ́n ń sọ pé bóyá kí wọ́n lọ háyà ẹ̀rọ agbóhùnsókè ní Ìlọrin.

Mo ní, “Kí la fẹ́ lọ Ìlọrin ṣe? Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ọwọ́ mi yìí ni màá fi ṣe é.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá mi kò pàtẹ́wọ́, ó kàn wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín músẹ́ yẹn ló kó mi sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kò le. Pátákó pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi bàbà pupa lẹ̀ lójú. A ó fi ọ̀dà ya ọ̀nà tí iná máa gbà sórí bàbà náà, a ó wá rì í sínú oògùn kan tí ó máa jẹ gbogbo bàbà tí ọ̀dà kò bò. Bí a bá yọ ọ́, ọ̀nà iná ló kù. Lẹ́yìn náà ni a ó lu ihò tóóró-tóóró sí i, kí ẹsẹ̀ àwọn nǹkan inú rédíò lè gba ibẹ̀ kọjá. Mo ya ọ̀nà, ó gún. Mo rì í sínú oògùn, ó jẹ ẹ́ dáadáa. Mo ka ihò tí mo máa lu, ó jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́rin. Mo gbé dírìlì àfọwọ́yí mi jáde, mo sì wo bíìtì tó wà lẹ́nu rẹ̀, irin tó ń dá ihò gan-an. Ó nípọn tó ìdí pẹ́ńsùlù.

Mo lọ bá gbogbo káfíńtà tó wà ní Òmù-Àrán. Bíìtì tó kéré jù lọ́wọ́ wọn, bí mo bá fi lu pátákó mi, ihò mẹ́ta á di ẹyọ kan. Mo kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlọrin. Ó ránṣẹ́ padà pé òun wá a kiri ọjà títí, pé àwọn tó ń ta irin ń bi òun bóyá abẹ́rẹ́ ni òun ń wá. Nígbà tí èsì yẹn fi dé, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí Ìkórè pé. Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dìde, màá tún rántí pé kò síbi tí mò ń lọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ẹnìkan sọ fún mi pé bàbá kan wà ní Rore tó ń tún aago ṣe, pé bàbá náà ní bíìtì tó tín-ín-rín bí irun. N kò jẹun kí n tó gun alùpùpù mi. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà aláwọ̀, kí bàbá lè mọ̀ pé ọmọlúàbí ló wá. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, òun àti àwọn ọkùnrin bíi méje, pẹ̀lú ọkọ́ léjìká.

“Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá.”

“Kú àárọ̀, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́?”

Mo sọ fún un.

“Háà! Ọmọ olùkọ́! Bàbá rẹ ló so èmi àti ìyá ilé yìí pọ̀! Àbí ẹ ò rí iṣẹ́ Olúwa? Ọ̀wẹ̀ ni mo bẹ̀ lónìí, ènìyàn méjì ò wá. Ó ti rán ẹni kan sí i.” Ó sì gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ilé wa, ẹ sọ fún mi, kí ni kí n wí? A kì í da ọ̀rọ̀ ti ara ẹni bo àgbà lójú ọ̀nà oko. Bí mo bá sì sọ pé n kò lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti gbọ́ ní Òmù-Àrán pé ọmọ olùkọ́ sá fún ọ̀wẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé tí a bá débẹ̀ màá sọ ọ́. Nígbà tí a débẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ebè nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà aláwọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Ọwọ́ mi tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ló mọ̀ bó. Ìgbà tí a jókòó sábẹ́ igi tí a ń fi epo jẹ iṣu sísun ni mo tó rí àyè sún mọ́ bàbá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nítorí bíìtì tín-ín-rín tí ẹ fi ń ṣe aago ni mo ṣe wá o.”

Bàbá dá iṣu dúró lẹ́nu. “Aago wo? Ọdún kẹta rèé tí mo ti pa iṣẹ́ aago tì. Ojú ò ríran mọ́. Gbogbo irinṣẹ́ yẹn, mo ti fi tọrẹ fún ará Ọ̀ffà kan.” Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wo bàtà mi. “Kí ló dé tí o ò sọ láàárọ̀?”

Ó fún mi ní iṣu mẹ́ta tó tóbi, ó sì gbàdúrà fún mi dáadáa. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bíbó wa alùpùpù padà sílé. Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n lọ́jọ́ yẹn. Orí mi le.

Ní ọjọ́ Ajé, mo bá ojútùú mìíràn pàdé nínú ilé wa. Aránṣọ ni ìyá mi. Àkókò yẹn ló sì ń rán aṣọ tuntun tí ẹgbẹ́ akọrin máa wọ̀ lọ́jọ́ Ìkórè. Mo wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo rí i pé ó tín-ín-rín, ó sì le. Mo ní bí mo bá fi òkúta pọ́n ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, á lu ihò. Abẹ́rẹ́ márùn-ún ló wà nínú páálí kékeré tí ìyá mi fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Mo mú ẹyọ kan péré. Ó lu ihò méjì, ó dá. Mo mú ìkejì, nítorí pé kò yẹ kí ènìyàn tètè sọ̀rètí nù. Nígbà tí ìrètí mi fi tán, ihò mẹ́sàn-án ni mo ní, abẹ́rẹ́ ìyá mi sì ti tán. Mo pa páálí náà dé dáadáa, mo dá a padà sí ààyè rẹ̀ bí ẹni pé ó lè bí òmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́, abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ dá. Ìyá mi ṣí dúrọ́ọ̀.

“Ta ló kó abẹ́rẹ́ mi?”

Mo ń jẹun. Mo ní, “Bóyá eku ni, màámi.”

“Eku? Eku wo ló ń jẹ irin?”

Mo ní àwọn eku ìsinsìnyí burú. Ìyá mi ń wò mí, èmi náà sì ń wo ọbẹ̀. Ó yá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kí iṣẹ́ má bàa dúró, ṣùgbọ́n ó so ọ̀rọ̀ náà mọ́ etí aṣọ.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyàwó Nọ́ọ̀sì wá wọn aṣọ akọrin tirẹ̀ wò. Ọmọ Ìjàrà-Ìsin ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló fẹ́ ẹ wá sí agboolé wa. Ó jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí mi kí ó tó wọ ilé, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́ nínú àṣà, kò sì lè pe orúkọ mi. “Akọ̀wé” ló ń pè mí, nítorí pé ìwé ló bá lọ́wọ́ mi nígbà tó dé. Bí ó bá rí mi, á kúnlẹ̀, á kí mi bí ẹni ń kí ọba. Ó fẹ́ràn mi gan-an ni. Ìfẹ́ yẹn, ẹ máa rí ohun tó ṣe fún mi.

Ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ló ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Bí ìyá mi ṣe ń fi píìnì mú aṣọ lára rẹ̀, ó ń ròyìn iṣẹ́.

Ó ní, “Màmá, ẹ̀rọ tí dókítà wa fi ń gbẹ́ eyín, irin ẹnu rẹ̀ ò tó abẹ́rẹ́ o! Tín-ín-tín báyìí. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń yí, àgbàlagbà á ké pe ìyá rẹ̀.”

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde.

“Akọ̀wé mi, kí ló dé? Ṣé èèrà wọ̀ yín láṣọ ni?”

Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí mo ń wá dúró níwájú mi, ó tún fẹnu ara rẹ̀ bi mí pé kí ló dé. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni mo nílò. Ṣùgbọ́n ìyá mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú píìnì lẹ́nu. Bí mo bá béèrè irin tín-ín-rín, á mọ eku tó jẹ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Ìyàwó Nọ́ọ̀sì kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú. Gbogbo agboolé á gbọ́ pé tísà tó ní kí ìjọ má lọ Ìlọrin kò ní irinṣẹ́. Mo ní kò sí nǹkan, ooru ni.

Mo wá pète. Ọjọ́rú ọjọ́rú ni dókítà eyín máa ń wá. Ẹnikẹ́ni kò lè wọ yàrá rẹ̀ àfi aláìsàn tó gba káàdì. Ó dáa, màá ṣàìsàn. Màá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, màá wọlé, bí dókítà bá yẹ̀yìn báyìí, màá mú bíìtì méjì nínú àwo, màá sọ pé eyín náà ti fi mí sílẹ̀, màá sì máa lọ. Ó rọrùn nínú orí mi.

Mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Àga gígùn ìta ti kún fún àwọn tí inú wọn kò dùn. Mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, mo fara pamọ́ sẹ́yìn bàbá kan tó sanra. N kò tíì jókòó tán nígbà tí Ìyàwó Nọ́ọ̀sì yọjú.

“Yéè! Ọkọ mi! Akọ̀wé mi ni eyín ń dùn! Àbájọ tí ẹ ò lè jókòó lánàá!”

Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, ó dìde, ó tú ìborùn ejìká rẹ̀, ó fi di àgbọ̀n mi mọ́ orí mi. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn ènìyàn. “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ọkọ mi rèé. Ọmọ olùkọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wọlé.” Bàbá sísanra náà ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà wọlé, pé òun rí i lójú mi pé mò ń jìyà. Òótọ́ ni, mò ń jìyà.

Dókítà jẹ́ àlejò, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n jókòó, kí n ya ẹnu. Àwo irin kan wà lápá òsì mi, nǹkan wẹ́wẹ́ sì ń dán nínú rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan.

“Èwo ló ń dùn ọ́?”

Mo tọ́ka sí èyí tí ìka mi kọ́kọ́ bà. Bí ó ṣe tẹ̀ ba, tó ń wo ẹnu mi, mo na ọwọ́ òsì mi jẹ́jẹ́ sínú àwo. Ìgbà tó fi irin kan eyín yẹn báyìí ni nǹkan kan gún mi wọ ìka dé eegun.

“Yééè!”

Dókítà mi orí. “Òun náà ni.”

Mo di ohun tó gún mi mú ṣinṣin sínú àtẹ́lẹwọ́. Ó kéré, ó tín-ín-rín, ó mú. Mo ní ọwọ́ mi ti bà á. Dókítà ní òun máa gbẹ́ eyín náà díẹ̀, òun á sì dí i. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ náà ké hùùù, mo ń wo bíìtì tó ń yí lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó sọnù. Ẹ̀rọ náà sì dákẹ́. Fáànù òkè náà dákẹ́. NẸ́PÀ ti mú iná lọ.

A dúró. A tún dúró. Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀. “Bí kò bá sí iná, a ò lè gbẹ́ ẹ. Yíyọ ló kù.”

Mo sọ̀rọ̀ kíá. “Ẹ má ṣèyọnu sà, màá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Rárá o!” Ìyàwó Nọ́ọ̀sì ló wí bẹ́ẹ̀. “Ọjọ́ Ìsinmi ni bàbá wa fẹ́ wàásù ìkẹyìn. Kí ọkọ mi wá máa jẹ̀rora lọ́jọ́ náà? Dókítà, ẹ bá wa yọ ọ́.”

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n jẹ́wọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ẹrù olè wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ìyàwó ilé mi dúró tì mí, obìnrin tó ti fi mí yangàn lójú gbogbo ará ìta. Báwo ni mo ṣe máa ṣí ọwọ́? Mo ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí dókítà gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́nu. Nígbà tí mo fi pinnu pé màá sọ òótọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti kú, ahọ́n mi ti kú. Mo gbé ọwọ́ sókè láti dá wọn dúró. Ìyàwó Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ náà mú pẹ̀lú ìfẹ́.

“Ẹ fara dà á, Akọ̀wé. Ọkùnrin ni yín.”

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Ó ki bàbá mi, ó ki bàbá ńlá mi, ó dé orí ẹni tó kojú ogun tí kò sá. Bí ó ṣe ń kì wọ́n ni dókítà ń fà, tí ọmọ wọn tó kù láyé ń fi ẹsẹ̀ gbá àga. Eyín náà kò fẹ́ jáde. Kò sí ìdí tí ó fi yẹ kó jáde. Nígbà tó jàjà jáde, dókítà gbé e lọ sójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

Ó ní, “Eyín yìí mà le o.” Ó wò mí. Èmi ń wo àjà.

Ìyàwó Nọ́ọ̀sì fà mí jáde, ó fi mí jókòó sórí àpótí kan lẹ́yìn ilé, òwú kún ẹnu mi. Mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi kí n lè wo èrè iṣẹ́ mi. Píìnì ni. Píìnì tí wọ́n fi ń so káàdì àwọn aláìsàn pọ̀. Mo wò ó títí. Omi bọ́ lójú mi, Ìyàwó Nọ́ọ̀sì sì rò pé eyín ni.

N kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í pè mí ní Akọ̀wé lásán. Mo gba bírò àpò rẹ̀, mo kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì mi: “Eyín kò dùn mí. Irin tín-ín-rín tí dókítà fi ń gbẹ́ eyín ni mo wá wá, nítorí ẹ̀rọ tí bàbá máa fi wàásù.” Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó ti wú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fọwọ́ lu ilẹ̀. Nígbà tó lè dìde, ó wọlé lọ, ó sì mú ìgò pẹnisílíìnì kékeré kan jáde. Ó kún dé ọrùn fún irin tín-ín-rín.

“Ọkọ mi, àwọn tí kò mú fún eyín mọ́ nìyí. Ó lé lọ́dún kan tí dókítà ti ní kí n lọ rì wọ́n mọ́lẹ̀, mi ò rí àyè ni. Mo ti sè wọ́n nínú omi gbígbóná. Ẹ kó gbogbo ẹ̀.” Ó nu ojú rẹ̀. “Akọ̀wé, lánàá tí mo wà lọ́dọ̀ màmá, ṣé ẹ ò lẹ́nu ni?”

Mo kọ ọ́ sí káàdì náà pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní inú òun ni yóò gbé kú.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mẹ́ta nínú àwọn ìyàwó ilé ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi. “Akọ̀wé, ẹ kú ewu eyín o. Ẹ kú ewu píìnì.” Ìyá mi dúró lẹ́yìn wọn, páálí abẹ́rẹ́ òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Àbájọ. Eku tó bá ń jẹ irin, eyín rẹ̀ á ká ni.”

Òwú wà lẹ́nu mi.

Mo dojú kọ iṣẹ́. Bíìtì oníṣègùn eyín wọ inú bàbà bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ẹ̀kọ. Ihò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó kù, mo lù wọ́n tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyókù irin ṣì wà nínú ìgò. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ bátìrì mọ́tò, kí NẸ́PÀ má bàa dójú tì wá, mo ní “Hẹ́lòó” sẹ́nu máìkì, ewúrẹ́ inú àgbàlá sì fi àgbàlá sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Ilé ìjọsìn kún dé ìta, mo gbé sípíkà kan sínú, mo gbé ọ̀kan síta. Mo jókòó ti ẹ̀rọ mi, ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnì tí a fi ń yí ohùn sókè sílẹ̀. Bàbá mi dúró síwájú máìkì, ó wò ó bí ẹni tí kò fọkàn tán an, ó sì ní, “Ẹ̀yin ará mi.”

Ohùn náà jáde. Ohùn tí mo mọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré ni. Ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá dìde dúró, ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè. “Olùkọ́ nìyẹn! Ohùn olùkọ́ nìyẹn!” Mo sọkún, n kò ní purọ́.

Bàbá wàásù, ó wàásù. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó ká ìwé rẹ̀, ó fi sápò.

“Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbọ́ mi yìí, ọmọ mi ló ṣe é. Ẹ bá mi kí i.” Wọ́n kí mi. “Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe é. Irin kékeré kan ló ń wá. Ó lọ sí Rore, kò béèrè, ó bá wọn kọ ebè. Ó kó abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀, kò béèrè. Irin náà wà lọ́wọ́ ìyàwó ilé rẹ̀, ó lọ jókòó sórí àga oníṣègùn eyín, kò tún béèrè. Ẹ̀yin ará, ẹni tí kò bá ya ẹnu rẹ̀ béèrè, àwọn ẹlòmíràn á bá a yà á.”

Ilé ìjọsìn wó fún ẹ̀rín. Ìta náà wó. Mo gbọ́ ẹ̀rín láti ojú títì, níbi tí àwọn awakọ̀ ti dúró, nítorí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé sípíkà síta. Ìyàwó Nọ́ọ̀sì fi aṣọ akọrin bo ojú láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi sì wà lórí bọ́tìnì. Bí mo bá yí i sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, àwọn tiwájú nìkan ni yóò gbọ́ ìyókù ìtìjú mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

Bàbá mi wá yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́. “O ṣeun, ọmọ mi. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn ara mi kẹ́yìn.”

Mo yí bọ́tìnì náà sókè títí dé ibi tó dé.

Ẹ̀rọ yẹn ti kú tipẹ́, bàbá mi náà ti lọ sinmi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè. Mo ń béèrè ọ̀nà ní ìlú tí wọ́n bí mi sí, mo ń béèrè iyọ̀ kí ọbẹ̀ tó jiná, àwọn ọmọ mi ní mo ti sọ ọ́ di àṣejù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa béèrè, abèèrè kì í ṣìnà. Ìgò pẹnisílíìnì náà ṣì wà lórí tábìlì mi, irin ṣì kù nínú rẹ̀, ẹni tó bá ń fẹ́ kó wá. Bí ẹ bá dé, tí mo bá rẹ́rìn-ín sí yín, ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún, nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti san owó rẹ̀.